Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí A Fi Ń Wọn Èdè Japan

"Èmi Quadri! Kí ìkòkò ẹ̀wà tó hó lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbé gbogbo èdè Japan mì. Mo sín láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ mì ní Tókíò. Ọlọ́pàá wọn ló pè mí lórí fóònù: 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọwọ́ bo imú.'"

Orí àpò ike ni Quadri jókòó sí tó ń fọ́nnu, nílé iṣẹ́ wa lẹ́yìn rélùwéè Agége. Èmi Suara wà nísàlẹ̀, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú kó má baà jábọ́.

Ọ̀gá wa ló ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan láti Japan, ẹ̀rọ tó ga débi pé àwọsánmà ń forí gbá a. Ará Japan kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan lẹ́yìn oṣù kan láti wá tò ó. Ọ̀gá ní nínú èmi àti Quadri, ẹni tó bá gbọ́ èdè ọkùnrin náà jù ni yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì yóò wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike. Ẹ̀rọ yẹn ni mo wà nídìí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti jẹ orí ìka mi tó kéré jù, ó rún un bí ẹní rún gúgúrú, ó sì tún ń wo àwọn tó kù. Bí mi ò bá kúrò níbẹ̀, ìgúnpá ni màá fi máa jẹun.

Kò sí tíṣà. Inú fóònù la ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń wọlé? Ilé kéwú la ti gba ìmọ̀ díẹ̀ ká tó sá, a ò sì mọ ọ̀nà míì tí ìmọ̀ ń gbà wọlé ju ojú egba lọ. La bá ṣe àdéhùn: lójoojúmọ́, tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ fún oúnjẹ ọ̀sán, Àǹtí Fatimah tó jẹ́ olórí wa yóò máa wo inú fóònù, yóò pe ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwa á dá a lóhùn ní Japan. Ẹni tó bá ṣì í, èkejì á fọ́ ọ létí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Oníẹ̀wà rí mi lọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀bẹ. Nígbà tó yá, ojú mi òsì là díẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti mọ omi, mo ti mọ iná. Lọ́jọ́ tí mo fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ pọ̀ǹmọ́, inú mi dùn bí ẹni gba sítìfíkéètì. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń sọ̀ ni ọgbọ́n ń gùn.

Quadri ńkọ́? Tiẹ̀ ń dán bíi táìsì báńkì ní Opebi. Kò jẹ ìgbátí kan rí! Fìlà onírun ló máa ń dé bo etí, nínú ooru tó lè sun àgbàdo.

Ọjọ́ Fúráìdè tó kẹ́yìn pé. Gbogbo òṣìṣẹ́ yí wa ká.

"Suara, omi!"

"Mizu!"

"Quadri, iná!"

Quadri fọwọ́ tẹ fìlà, ó gbójú sókè bí ẹni ń ka páànù. "Hi!" Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe iná ní Japan.

"Suara, ewu!"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run gbọ́, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fò lọ. Quadri tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Gbàà! Mo rí bàbá bàbá mi tó ti kú, bàbá náà gbójú kúrò. Eyín mi kan fò jáde, ẹ̀jẹ̀ dà sí mi láyà.

"Abunai ni, olódo!" Ó tún fọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún un ṣe.

"Quadri! Ẹyọ kan la sọ!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ẹ̀ní sí i. Tó bá di Mọ́ńdè, òun á máa lọ ike, ẹ̀rọ á máa lọ òun."

Ìyẹn dùn mí ju ìgbátí lọ. Mo dìde. Mo kó gbogbo ohun tí ojú mi ti rí sí ọwọ́ kan ṣoṣo, mo sì gbé e fún un. Ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà tún gbéra padà. Fìlà fò lọ. Nǹkan dúdú kékeré kan já bọ́ ní etí Quadri, ó yí gbirigbiri débi ẹsẹ̀ Àǹtí Fatimah.

Wọ́n mú un, wọ́n fi sí etí tiwọn.

"Ẹ dákẹ́ ná." Wọ́n rọra pè é: "Etí."

Ojú wọn yí padà. "Mimi. Ó ní mimi! Ohùn ta nìyí? Sìlífátù?"

Àbúrò Quadri ni Sìlífátù, tó ń ta fóònù ní Computer Village. Ó jókòó síbẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń wo ìdáhùn, ó ń fi fóònù sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ létí!

"Ó ń béèrè," Àǹtí Fatimah wí, "pé, 'Bọ̀dá mi, kí ló dún gbàà yẹn?'"

Àwọn òṣìṣẹ́ dìde. Ọ̀kan mú páìpù. Àǹtí Fatimah bọ́ sálúbàtà.

"Ẹ gbọ́ ná, Àǹtí," ni Quadri wí, "àǹjọ̀nú Japan ló gbé ohùn àbúrò mi wọ̀..."

Sálúbàtà dé ẹnu ẹ̀ kí gbólóhùn tó parí. Páìpù bà á lẹ́yìn. Èmi náà tún fi ẹsẹ̀ gbá a ní ìdí. Ló bá fò sórí ògiri, àfọ́kù ìgò ya ṣòkòtò ẹ̀ sí méjì, ó bọ́ sórí ojú irin, ó sì forí lé ọ̀nà Ìkẹjà, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, mo ń pariwo: "Tomare! Tomare!"

"Kí lo ń wí?" ni Àǹtí Fatimah bi mí.

"Mo ní kó dúró ni, Àǹtí."

"Kò mà dúró o."

"Ṣé ẹ rí i? Kò gbọ́ Japan."