Orí Irin Tí Wọ́n Tà

"Remedios, orí mi dà?"

Remedios ń yí tọ̀tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, lórí iná. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Hilario, bàbá rẹ̀ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹrù.

"Orí wo, Bàbá?"

"Orí irin mi! Èyí tó ní eriali méjì."

Remedios rántí. Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ń ké kiri àdúgbò, ó ti ta sítóòfù àtijọ́ fún wọn, ó sì fi nǹkan ọ̀hún lé e. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo rò pé ara ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ni."

Bàbá ò bínú. Ìbá sàn kó bínú, torí ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ó kàn jókòó. "Wọn ò kọ orúkọ mi sínú fíìmù tí mo ti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì nígbà èwe mi, wọn ò fojú mi hàn. Orí yẹn nìkan lẹ́rìí mi. Mo sì ti ṣèlérí pé màá gbé e wá síbi tí wọ́n ti máa fi fíìmù náà hàn lónìí."

Ní aago mẹ́rin, Remedios bẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ̀ lé e lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ fi fíìmù náà hàn, ìtàn àwọn ará Júpítà tó wá jí ata Mẹ́síkò kó.

"Bàbá Remedios, orí ọ̀hún dà?" Soledad, aládùúgbò wọn, ló béèrè. "Àbí ẹ̀yin kọ́ ni rọ́bọ́ọ̀tì náà? Bóyá ẹ̀yin ni ata!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Hilario wolẹ̀.

Nínú fíìmù, rọ́bọ́ọ̀tì gbé àpò ata dé ẹnu ọkọ̀ òfuurufú, tí ẹni tó bá lójú mọ̀ pé táǹkì omi ni. Ó dúró. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu irin rẹ̀, kó tó wọlé.

Ẹ̀rín sọ. Remedios ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ ò wọ bọ́ọ̀sì kankan rí láìṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Mo gbàgbé ara mi ni," Hilario sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Fíìmù ti tán nínú kámẹ́rà, wọn ò lè tún un yà."

Remedios dìde. "Bàbá mi nìyẹn! Gbogbo yín lẹ ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀!"

Soledad fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ̀yin mà ni lóòótọ́!"

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé láti gbé wọn lọ sílé, kò sẹ́ni tó gòkè. Hilario ni wọ́n ń dúró dè. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó fẹnu ko àtàǹpàkò rẹ̀. Omi lé ròrò lójú Remedios. Òun náà ṣe é, ó sì tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì.