Ọwọ́ Ta Ló Kán An?

1.

…ó ní kí Màmá gbójú sókè, Màmá gbójú sókè. Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ kejì, tó mú ìgò, ń gbọ̀n. Ẹ má rò pé nǹkan mìíràn ni o. Ó ń gbọ̀n torí pé ó fẹ́ ṣe é dáadáa.

Ẹnu ìgò gún Màmá lójú.

"Yéè! Ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

Oògùn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ṣàn lọ sí etí. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ọwọ́ rẹ ti le jù. Bá mi pe àbúrò rẹ."

2. *Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ìgò náà*

OÒGÙN OJÚ. Ó Ń PA KÒKÒRÒ ÀRÙN.
Ẹ̀kán kan sí ojú ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, fún ọjọ́ méje.
Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.
Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú.
Ẹ LÒ Ó PÉ, BÍ OJÚ TILẸ̀ TI MỌ́.

3.

Ẹni tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le yìí, aránṣọ ni. Òun ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú yàrá méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ibùsùn Màmá lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Tó bá ń ṣiṣẹ́, pínnì máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, mẹ́ta, mẹ́rin. Tí wọ́n bá pè é, "Hùn" ló máa ń dáhùn. Ọdún mẹ́sàn-án yìí kan náà ni Màmá ti ń sọ pé, "Yọ pínnì lẹ́nu, kó o dá mi lóhùn."

OHUN TÍ ỌWỌ́ LÍLE ṢE LÁÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ KAN ṢOṢO:

— ó gbé omi gbígbóná wá fún Màmá
— ó bá Màmá fọ ẹ̀yìn
— ó gé èékánná ẹsẹ̀ Màmá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá
— ó fi aṣọ tútù rẹ ipin tó lẹ ojú Màmá pọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ojú fi là
— ó di Màmá lápá mú lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà

Ẹnikẹ́ni ò máàkì ìyẹn.

4. *Lórí fóònù*

ARÁNṢỌ: Ojú ń dun Màmá. Wọ́n ní kó o wá.
TÍṢÀ: Ṣé ó le ni, ẹ̀gbọ́n mi?
ARÁNṢỌ: Kò le.
TÍṢÀ: Ilé ìwé ti gba ìsinmi. Mo ń bọ̀ lọ́la.
ARÁNṢỌ: ~~Kò di dandan kó o wá o~~
ARÁNṢỌ: Ó dáa.

5.

Àbúrò dé pẹ̀lú báàgì kan, rúlà kan àti bírò pupa kan. Tíṣà ni, kò sí bó ṣe lè fi rúlà sílẹ̀. Kó tó jókòó, ó ti fa ìlà àtẹ sórí ìwé, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ọjọ́ méje, àpótí mẹ́rin mẹ́rin.

"Ti àná ń kọ́?" aránṣọ bi í.

Màmá ló dáhùn. "Ti àná ò wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni àná ò ṣe ní àpótí.

Tíṣà fọ ọwọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé orí Màmá lé itan. Ẹ̀kán kan.

"O ti kán an? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o: obìnrin tí ojú ń ta, ó rẹ́rìn-ín. Níbi ẹ̀rọ, aránṣọ rán apá òsì mọ́ ibi tó yẹ kí apá ọ̀tún wà. Ó tú u. Ó tún rán an síbẹ̀ kan náà.

Owú ń jẹ ẹ́. Kò sí orúkọ mìíràn tá a lè fún un. Ó ń jẹ ẹ́ láti ọ̀nà ọ̀fun dé ìdodo.

6. *Ara ògiri*

Ọjọ́ 1   ✓ ✓ ✓ ✓
Ọjọ́ 2   ✓ ✓ ✓ ✓
Ọjọ́ 3   ✓ ✓ ✓ ✓

7. *Ohun tí Màmá sọ ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn*

*Fún Tíṣà:* Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? O ti rù. Sún mọ́ mi. Ta ló kọ́ ẹ ní ọwọ́ tó fúyẹ́ báyìí?

*Fún aránṣọ:* Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo.

8.

Ní ọjọ́ kẹrin ojú mọ́. Ipin tán, pípọ́n lọ. Màmá fúnra rẹ̀ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó nà án sókè kí gbogbo ilé lè rí i. "Ọwọ́ Tíṣà ló wò mí sàn."

Ọwọ́ Tíṣà.

Kì í ṣe oògùn. Kì í ṣe ẹni tó dì í lápá mú lọ gbà á.

9.

(Aránṣọ ní kí n fo ibí yìí.)

10.

Mi ò ní fò ó. Nígbà tí Tíṣà wọlé lọ wẹ̀, aránṣọ gbé fóònù tirẹ̀, ó kọ̀wé sí ọkọ àbúrò rẹ̀:

*Ẹ kú ilé o. Ojú Màmá ti san pátápátá. Ẹ lè máa retí ìyàwó yín lọ́la.*

Inú ọkọ dùn dé eyín. Ó pe ìyàwó rẹ̀ ní kíá. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Tíṣà kán ẹ̀kán kan sí Màmá lójú, ó máàkì àpótí kan, ó di báàgì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, kó pé o. Ẹ máa ya fọ́tò àtẹ yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́."

Ó gbàgbé bírò pupa sórí tábìlì.

11. *Ọ̀sán ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́*

MÀMÁ: Ta ni yóò wá kán an fún mi báyìí?
ARÁNṢỌ: Ẹ ti gbádùn, Màmá. Ojú yín mọ́ ju tèmi lọ.
MÀMÁ: Dókítà ní ọjọ́ méje.
ARÁNṢỌ: Tẹ́ ẹ bá lè fara da ọwọ́ líle, ẹ gbójú sókè.
MÀMÁ: (*kò gbójú sókè*)
ARÁNṢỌ: (*ó ṣí ìdérí ìgò*)
MÀMÁ: Ó dáa. Ká má yọ ara wa lẹ́nu.

Ó dúró díẹ̀ sí i, ìgò lọ́wọ́. Ká ní Màmá sọ pé "Wá kán an" ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Màmá kọjú sí ògiri. Aránṣọ sọ ìgò sínú dúróà ẹ̀rọ, sáàárín bọ́tìnnì àti òwú tó já. Kò dé e dáadáa.

12.

Ọjọ́ 5   ✓ ✓ ✓ ✓
Ọjọ́ 6   ✓ ✓ ✓ ✓
Ọjọ́ 7   ✓ ✓ ✓ ✓

Bírò pupa. Nínú mọ́kànlá tó kẹ́yìn, kò sí ọ̀kan tí oògùn bá a rìn. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ wà nílẹ̀, ì bá fi tirẹ̀ máàkì. Ṣùgbọ́n irọ́ tá a fi bírò ẹlòmíì kọ, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló pa á.

TÍṢÀ: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é.

13.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ojú Màmá ò là. Nígbà tí aránṣọ fi aṣọ tútù rẹ ẹ́ là, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọ ibẹ̀, Màmá figbe ta. Lórí ẹyinjú ọ̀tún, ohun funfun kan wà tí kò ju orí pínnì lọ.

Aránṣọ gbé fóònù.

ARÁNṢỌ: Wá.

14. *Yàrá dókítà. Tíṣà ti dé. Màmá fi aṣọ bo ojú méjèèjì.*

DÓKÍTÀ: Ṣé ẹ lò ó pé?
ARÁNṢỌ: (*ó na àtẹ sí i*)
DÓKÍTÀ: Méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí èyí tó yẹ̀. Ìgò ń kọ́?
(*Ó ṣí ìdérí. Ó wo ẹnu ìgò. Ó fi ìka méjì fa nǹkan jáde níbẹ̀.*)
DÓKÍTÀ: Òwú nìyí. Aláwọ̀ ewé. Ó ti gan mọ́ ẹnu ìgò. Ẹni tó bá kán oògùn yìí lánàá yóò ti rí i.
(*Ó tún gbé àtẹ, ó wò ó dáadáa.*)
DÓKÍTÀ: Ta ló máàkì ìwé yìí?
TÍṢÀ: Èmi ni.
DÓKÍTÀ: Gbogbo rẹ̀?
TÍṢÀ: Bírò mi ni, sà.
DÓKÍTÀ: Pé ojú mọ́ kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti tán. Èyí tó kù ti gbẹ́ egbò síbẹ̀. Tí egbò yẹn bá jìn sí i, ojú yìí lè má ríran mọ́. Oògùn tó lágbára nìyí. Ní wákàtí wákàtí. Ẹni méjì ni yóò máa gbà á ṣe fún ara wọn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti aránṣọ ò pé ọjọ́ mẹ́rin. Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀? Ẹ̀bi. Ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, àbúrò rẹ̀ tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

15. *Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lórí bẹ́ǹṣì*

— Ta ló ní kó o gbà á rù?
— Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀.
— Mo bi ẹ́ léèrè!
— Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí Màmá ń tọ́jú eyín àtọwọ́dá wọn sí. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n tójò bá fẹ́ rọ̀. Tí wọ́n bá sùn, orúkọ yín ni wọ́n máa ń pè. Mo gbọ́ ọ léraléra. Èmi, àlejò ni mí nínú ilé yẹn. Láti ọdún mẹ́sàn-án, oògùn yìí nìkan ni wọ́n tíì ní kí n wá ṣe.
— …
— Mo ń jowú yín, ẹ̀gbọ́n mi.

Aránṣọ ò ní pínnì lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, "Hùn" ló rí sọ.

16.

Nílé, aránṣọ bu omi sínú ìgò òfìfo kan. Ó to bọ́tìnnì sórí tábìlì, oníhò mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀kán kan sí ihò kan. Kí ẹnu ìgò má kan bọ́tìnnì.

Bọ́tìnnì mẹ́wàá.

Bọ́tìnnì ogún.

Ní bọ́tìnnì kejìlélógún, ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́.

17. *Àtẹ tuntun. Tíṣà ló fa ìlà rẹ̀.*

Aago 12   ✓
Aago 1   ✓
Aago 2   ✓
Aago 3   ✓
Aago 4

18.

Tíṣà ti jáde lọ ra ìgò kejì. Aago mẹ́rin lù.

Aránṣọ fọ ọwọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó gbé orí Màmá lé itan tirẹ̀. Orí náà fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó ká aṣọ kúrò lójú, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú wálẹ̀, ó ka bọ́tìnnì kan nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀kán kan.

Màmá ò mira. Ó di ojú méjèèjì.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Tó bá ní "Èmi ni", Màmá lè ní ọwọ́ náà le. Tó bá dákẹ́, Màmá lè ní "O ṣeun, Tíṣà". Ó wò ó síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún. Ó dákẹ́.

Màmá na ọwọ́ sókè, ó ń wá ojú ọmọ tí kò rí. Ìka rẹ̀ bá ètè.

"Yọ pínnì lẹ́nu, kó o dá mi lóhùn."

Kò sí pínnì kankan níbẹ̀. Bírò pupa wà lórí tábìlì; aránṣọ ò nawọ́ sí i.

19.

Aago 4