Àgbọn Tó Yadi

Irọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pa mọ́ mi ní kíláàsì kẹrin ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èmi àti àgbọn ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà wa ń kọ́ wa nípa èso lọ́jọ́ náà. Ó ya àgbọn sójú pátákó, ó ní èèpo rẹ̀ nìyí, igbá rẹ̀ nìyí, ẹran rẹ̀ nìyí, omi ló sì wà láàárín. Ó ní kò sí àgbọn tí kò lómi. Mo nawọ́. Mo ní, "Tíṣà, ó wà o. Òmíràn wà, tí ẹ bá mì ín kì í dún rárá, àfi bí ẹni pé ó yadi. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ẹ̀. Nǹkan funfun kan ló kún un, ó rọ̀ bíi mílíìkì tó dì, ó sì dùn gan-an."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló bá mi rí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní kíláàsì kẹfà ni, àwa méjèèjì la jọ fi ìka lá a lẹ́yìn ìsọ̀ màmá wa. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ iléèwé rẹ̀ gún régé. Ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó wo èmi.

Tíṣà ní, "Ṣé o rí àgbọn kan tí kò lómi, tí nǹkan funfun kún inú ẹ̀?"

Ó ní, "Rárá o, sà. Mi ò rí i. Bó ṣe máa ń parọ́ nílé náà nìyẹn."

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Odi. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Màmá mi bẹ̀ mí, ó nà mí, ó tún bẹ̀ mí. Mo ní àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá padà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kó sọ òótọ́. Kò lọ. Èmi náà ò lọ. Ìdí ìsọ̀ àgbọn ni mo wà láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

Àwọn èèyàn ní mo máa ń di kùnrùngbùn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mi ò di nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà wà níbi tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí, èmi kọ́ ló yẹ kó gbé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tó lọ́kọ, mo lọ síbi ìgbéyàwó, mo kí ọkọ. Nígbà tó bímọ, mo lọ síbẹ̀, mo kí ọmọ. Aránṣọ ni, ó sì máa ń rán ṣòkòtò sí mi lọ́dọọdún. Mo máa ń wọ̀ ọ́, ó sì máa ń bá mi mu, mo wá máa ń sọ fún ẹni tó gbé e wá pé ṣòkòtò náà dára. Tí èmi àti òun bá pàdé, màá kí i dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ni. Lẹ́yìn "ẹ kú àárọ̀, Àǹtí," ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Tí àgbọn bá gbẹ, etí la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó gbé e sétí, a ó mì ín. Tó bá dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, ó dára nìyẹn. Tí kò bá dún, omi rẹ̀ ti jò, inú rẹ̀ ti bàjẹ́, orí ààtàn ni à ń jù ú sí. Gbogbo alágbọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni kì í ju èyí tí kò dún nù láìlà á. Mo ti rí ìdọ̀tí dúdú níbẹ̀, mo ti rí èèrà, mo ti gbọ́ òórùn tó ń lé oníbàárà. Fọganáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, kíláàsì kan náà la wà nígbà yẹn, ẹ̀rín tirẹ̀ ló sì ròkè jù. Tó bá ti rí mi tí mo gbé èyí tí kò dún lé orí òkúta, á kígbe pé, "Odi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ di imú mi!"

Láìpẹ́ yìí, ẹni tó ń bá mi gun igi sọ fún mi pé igi gíga kan wà lẹ́yìn ilé oníbàárà òun kan, onílé náà sì fẹ́ gé e. Ó ní nínú ṣírí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì kì í dún. "Wọ́n sì wúwo," ló wí. Nígbà tó sọ pé wọ́n wúwo, mo wá ibì kan jókòó. Èyí tí kò dún tó sì fúyẹ́, mo ti là wọ́n sú. Èyí tí kò dún tó sì wúwo, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé e rí láyé mi, kò sì sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ó kó méjì wá fún mi. Mo kó wọn sábẹ́ tábìlì, mo da àpò bò wọ́n. Ẹ lè rò pé mo là wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè là wọ́n. Tó bá jẹ́ pé omi lásán ló wà nínú wọn ńkọ́?

Wọ́n ṣì wà lábẹ́ àpò náà nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé, tòun ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á ti máa ta omi àgbọn tútù. Ó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó máa rà.

"Bọ̀dá, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ wọn wò."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kí ìyá rẹ̀, mo nu bẹ́ǹṣì fún un, ó jókòó sábẹ́ páànù, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Mo fa àdá yọ.

Láti ara igi kúkúrú tí àgbọn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo mú èyí tó kéré jù nínú wọn. Ó mu omi rẹ̀, ó fa ojú ro.

"Ó ń fa ahọ́n mi jọ."

"Ọmọ ọwọ́ ni. Kò tíì ní ẹran kankan. Wá mu ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni èyí tí ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá jọ lára igbá rẹ̀, tó ń yọ̀ bíi funfun ẹyin tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Níbẹ̀ ni omi ti máa ń dùn jù. Ọmọ náà mu ún, ó gbé ojú sókè. Mo la èyí tó tẹ̀ lé e, mo fún un ní ṣíbí, ó ń fi há a bí ẹni ń há àwo. Mo la òmíràn tí ẹran rẹ̀ ti le díẹ̀, tó ń ta eyín padà. Lẹ́yìn náà ni mo fọ́ èyí tó gbẹ, omi rẹ̀ ti dín kù, ó ti ní iyọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ nípọn, òróró rẹ̀ ń dán létè.

"Bọ̀dá, igi kan náà ni gbogbo èyí?"

"Igi kan náà. Adùn rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Inú omi ló kọ́kọ́ ń gbé, nígbà tó yá ó kó lọ sínú ẹran."

Ó ń wò mí bí ẹni tí mo ń pidán fún. Kò mọ̀ pé ó ń ya èmi náà lẹ́nu. Mo ti ń la àgbọn láti kékeré, mi ò tíì mọ bí igi ṣe ń dúró sínú iyanrìn gbígbóná, tó ń pọn omi lọ sókè lọ́hùn-ún láìní korobá, tó tì í mọ́ inú ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, tí eruku kan ò sì kàn án. Tí mo bá la àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó mu ún.

Mo wá fún un ní oríṣi mìíràn. Ti igi kúkúrú aláwọ̀ ewé: ó ní omi rẹ̀ dùn débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rún un lẹ́nu. Ti èyí tó pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n: ẹran rẹ̀ kò nípọn, ṣùgbọ́n òórùn kan wà nínú omi rẹ̀ tó dà bíi ti òdòdó. Ti igi gíga: ó ní omi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ó wá jẹ ẹran rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òmíràn lé e láìbéèrè.

"Ọmọ yìí, ó ti ń jẹ ọjà ẹlòmíràn tán," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo bá a sọ lọ́dún náà nìyẹn.

Ọmọ náà nawọ́ sí ọ̀kan tó ti hù ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ewé ti yọ lójú rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ó ti bàjẹ́ àbí?"

Mo là á. Kò sómi. Nǹkan roboto kan ló kún inú rẹ̀, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Ó bù ú jẹ, ó ń rún wọrọwọrọ lẹ́nu rẹ̀. "Mọ́mì! Ó dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ omi ṣúgà! Ẹ wá wò ó!"

Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn. Ó wá rọra ní, "Àbí èyí lo rí nígbà yẹn, àbúrò mi? Bóyá èyí ni. Kò kúkú lómi, ó sì funfun."

Ara mi gbóná. Mo gbé àdá sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbọn tó hù, mo ti ń jẹ ẹ́ kí n tó wọ iléèwé. Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́."

"Mo kàn ní bóyá ni."

"Kò sí bóyá níbẹ̀."

Ọmọ náà gbé ojú láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. "Nígbà wo? Kí lẹ rí?"

Fọganáísà ti gbé táyà jù sílẹ̀. Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀? Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ délẹ̀délẹ̀: ti tíṣà, ti mílíìkì tó dì, bí ìyá ọmọ náà ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun ò rí i. Ó fi ẹ̀rín parí rẹ̀. "Irọ́ yẹn dùn ju àgbọn lọ, ìyá mi! Òun la fi sọ ọ́ lórúkọ!"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ṣé òótọ́ ni irú ẹ̀ wà?"

Ọmọ tó ti gba gbogbo ohun tí mo bá a sọ láti àárọ̀ gbọ́ ló ń bi mí yìí, ní ìṣojú ìyá rẹ̀. Tí n bá dákẹ́, mo ti jẹ́ òpùrọ́ lójú òun náà. Mo tẹ̀ba, mo ká àpò kúrò lórí àgbọn méjèèjì lábẹ́ tábìlì.

Mo gbé àkọ́kọ́ sétí, mo mì ín. Kò dún. Mo fi ẹ̀yìn àdá gbá a yíká, ó là, omi sì tú yàà sí mi lára. Ó kàn kún dẹ́nu ni, kò rí àyè mì nínú. Fọganáísà fi ọwọ́ lu itan. "Odi ti sọ̀rọ̀! Ó tilẹ̀ tutọ́ sí ọ lára!" Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Mo fẹ́ ní kí a fi èkejì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọmọ náà ti gbé e fún mi. Ó mì ín létí ara rẹ̀ kó tó gbé e fún mi, ó gbọ́ pé kò dún.

Mo gbá a yíká. Ìlà kan yọ lára igbá rẹ̀. Mo dúró kí omi jò níbẹ̀. Kò jò. Etí ìlà náà gbẹ. Mo ki ẹnu àdá bọ̀ ọ́, mo rọra yí i, àgbọn náà kò já lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fà, bí ẹni pé ọwọ́ wà nínú rẹ̀ tó di ọwọ́ mìíràn mú. Ó wá là sí méjì.

Ó funfun. Ó kún títí dé àárín, ó ń dán, ó ń gbọ̀n rírì díẹ̀díẹ̀ nínú igbá méjèèjì. Kò sí ẹ̀kán omi kan.

Fọganáísà la ẹnu sílẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan ń fun fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn wa, kò yíjú sí i. Ọmọ náà fi ṣíbí bù ú, ó fi sẹ́nu, ó di ojú rẹ̀. Nígbà tó la ojú, omi wà níbẹ̀. "Bọ̀dá," ló wí, ó kàn ń wí "Bọ̀dá" ṣáá. Èmi náà tọ́ ọ wò. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo ti ń bẹ̀rù pé bóyá ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà ló sọ ọ́ di adùn lẹ́nu mi. Kì í ṣe ọmọdé. Ó dùn ju bí mo ṣe sọ ọ́ fún tíṣà lọ.

Mo gbé ìdajì èkejì tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. "Àǹtí, ẹ tọ́ ọ wò."

Ọmọ rẹ̀ na ṣíbí sí i. Kò gbà á. Ó yí igbá náà lọ́wọ́ títí tó fi rí ọ̀gangan ibi tí ojú àgbọn wà, níbi tí nǹkan náà ti nípọn jù, ó sì fi ìka há a níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ló dùn jù. Mo rí i. Ó lá ìka náà, ó tún fi bù ú lá.

"Mọ́mì," ni ọmọ rẹ̀ wí, "ṣé ẹ rí irú ẹ̀ rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé igbá náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ìsọ̀ mi, níbi tí páànù ti tán tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀, ó kọjú sí wa.

"Fọganáísà, o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Panu mọ́ kó o gbọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn tó ń kọjá dúró. "Mo rí i. Èmi àti àbúrò mi la jọ jẹ ẹ́, èmi gan-an ni mo jẹ èyí tó pọ̀ jù. Gbogbo yín lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń nira sí i láti sọ. Àbúrò mi ò parọ́. Èmi ni mo parọ́."