Ọjọ́ Tí Géèmù Wa Kú

Ẹ̀gbọ́n mi ni Akínlolú, ṣùgbọ́n mi ò ní bọ̀wọ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló mú géèmù kan wọ ilé wa ní Ìjẹ̀dẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Idà àti òòlù ni èrò fi ń bá ara wọn jà lórí fóònù, ẹni tó bá ṣẹ́ kù ló borí. Gbogbo ayé ní kò dára, àwa là ń gbèjà rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí àwọn tó ṣe é fi kéde pé àwọn fẹ́ tì í pa.

Ọmọ apẹja ni wá. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í da àwọ̀n sódò lọ́jọ́ tí a bá sin òkú. Mo wá bẹ ìwọ̀nba èèyàn tó kù tí a jọ ń gbá a ní Ìkòròdú pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má yọ idà. Ká kàn jókòó sétí omi inú géèmù títí yóò fi kú. Akínlolú ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

A sì jókòó. Ni Akínlolú bá gba ẹ̀yìn yọ sí wa, ó ṣá gbogbo wa balẹ̀, èmi ló ṣá kẹ́yìn.

Mo yíjú sí i lórí bẹ́ǹṣì tí a jọ jókòó sí. "Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tó ti kú ti kú. Ṣé òkú máa ń ka ẹja ni?"

Nígbà náà ni mo rántí ẹja tútù tó gbé wálé lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa. Ó ní òun rà á ní ọjà Ìtàmágà ni. Mo gbà á gbọ́, mo sì bá a jẹ ẹ́.