Tíì Létí Márosẹ̀

"Mọ́tò ti kú," ni ìyàwó rẹ̀ sọ lórí fóònù.

Ọ̀gá Kóònù rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, kó sọ ibi tó wà gan-an, nítorí òpópónà márosẹ̀ gùn, àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀ kò sì lè máa wá ènìyàn kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Iwájú yín ni mo wà," ni obìnrin náà dáhùn. "Mo ń wò yín báyìí. Mo rí ife tíì yẹn náà."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ ilé rẹ̀ ló dúró gbagidi níwájú ibùdúró pàjáwìrì tó jókòó sí, ó dábùú ọ̀nà, ìdí rẹ̀ wà nínú ìlà etí títì, imú rẹ̀ wà nínú ìlà àárín, èéfín sì ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síbi awakọ̀, fóònù létí. Ẹnì kejì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mú fóònù dání, ó kàn kọjú sí ibi tí Ọ̀gá Kóònù wà. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, ìyẹn sì ni ìrètí kan ṣoṣo tó kù fún ọkọ ọmọ rẹ̀ lásìkò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Nígbà kan, òpópónà yìí ní etí tó fẹ̀, tí ọkọ̀ tó bá ń ṣàìsàn lè yà sí. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ jù, ìjọba sọ etí ọ̀nà di ìlà kẹta, wọ́n ní ọ̀nà ti gbòòrò sí i. Ó gbòòrò lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ tó bá kú, àárín àwọn tó ń sáré ló ń kú sí. Àwọn ènìyàn kígbe, àwọn ìjòyè ṣèpàdé, wọ́n wá pinnu láti la àwọn ibùdúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà olómi ọsàn, kí wọ́n sì gbé fóònù sí wọn, kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń kú lọ lè rí ibi sá sí. Ọ̀gá Kóònù ló ń pinnu ìlà tí wọ́n máa fi kóònù, ike onímú ṣóńṣó, dí nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àti ìgbà tí wọ́n máa ṣí i.

Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà náà ló mọ̀ ọ́n, bí wọn ò tiẹ̀ rí i rí, nítorí òun ni wọ́n ń bú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èébú kì í sì í yí i lọ́kàn padà. Ọkọ ìyàwó kan ti wá bẹ̀ ẹ́ rí, tòun ti aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn, pé kó jẹ́ kí òun gba ìlà tí wọ́n dí kọjá. Ó ní kó lọ fara balẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, pé kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é láìsí i níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wọn pàápàá ti tò sẹ́yìn àwọn yòókù lọ́jọ́ kan, tó ń fi ìbínú jẹ bisikíìtì. "Bí mo bá ṣí i fún ẹnì kan, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó dúró?" Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Kóònù nìyẹn, kì í yí i padà.

Ibùdúró àkọ́kọ́ ti parí, wọ́n sì ti ń gbẹ́ ìkejì níwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ lórí rédíò pé àkọ́kọ́ ti ṣí, pé kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tètè yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti sọ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù iṣẹ́ sí di ẹrẹ̀, ibùdúró tuntun sì mọ́ tónítóní, ó tẹ́jú bíi tábìlì. Ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ méjì síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ bí ìgbà díẹ̀, kátápílà dé, jẹnẹrétọ̀ dé, táǹkì omi dé, wọ́n gbé ilé ìyàgbẹ́ oníke síbẹ̀, wọ́n ta agboòrùn, wọ́n to àga sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Ara kàn tù wọ́n níbẹ̀ ni.

Kí Ọ̀gá Kóònù tó pa fóònù, ó ti ń sáré. Ó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ńlá tó ní iná lẹ́yìn lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lè tètè rí i, kí wọ́n dẹ eré. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tó yá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn Màmá, ó ṣí akoto orí rẹ̀, ó tẹrí ba láti kí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òṣìṣẹ́ tó bá ṣí akoto lójú títì, òun gan-an ló máa ń lé e lọ sílé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wo ara wọn.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ìwọ nìyẹn?" Màmá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ń dán yanran. "Ìwọ ni. Àwọ̀ yìí nìkan lojú mi ṣì ń rí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n dé ọ̀dọ̀ dókítà o."

Ó mọ̀. Ìdí aago mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ilé wọn wà láti bí oṣù kan. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de àyè, ẹni tí àyè rẹ̀ bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yóò padà sẹ́yìn pátápátá, títí ọdún á fi yí po. Ojú ọ̀tún ti lọ tán, tòsì ń tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá da iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà, ó sì mu ún tán láìfajú ro, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Ọ̀gá Kóònù rí i. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ó dùn ún wọra. Òun náà ló wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ àná pé kó gba márosẹ̀, pé òun ti tò ó, kò ní sí wàhálà.

Wọ́n fa Màmá kọjá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n mú un jókòó sábẹ́ agboòrùn.

"Àga yìí gbóná," ni Màmá wí. "Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀?"



Ìyàwó Ọ̀gá Kóònù kò jókòó ní tirẹ̀. Ó wo kátápílà, ó wo jẹnẹrétọ̀, ó wo ilé ìyàgbẹ́, ó wá wo ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ẹ sọ lórí rédíò pé ká yà síbí. Ọkọ̀ wúkọ́, mo tan iná pé mo fẹ́ yà, mo sì ń dúpẹ́ pé ọkọ mi ló ṣe é. Bàbá Ìbejì, ibo ni kí n yà sí? Orí jẹnẹrétọ̀?"

Ọ̀gá Kóònù ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò kíá. Olórí àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré láyé, họ orí, ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kátápílà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n bá fi kátápílà sílẹ̀, wọ́n dojú kọ àwọn yòókù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: Ọ̀gá Kóònù fúnra rẹ̀ ló ti èjìká bọ ilé ìyàgbẹ́ lábẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń mì lórí rẹ̀. Nígbà tí àyè yọ díẹ̀, wọ́n ti ọkọ̀ wọlé. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó lo ibùdúró náà láti ìgbà tí wọ́n ti là á. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ pàtẹ́wọ́, ló bá rí ojú ìyàwó ọ̀gá, ó fi ọwọ́ méjèèjì sápò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ọkọ̀ kan. Ìlà kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn gbà títí wọ́n fi ti ọkọ̀ náà kúrò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti kọjá afárá lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìlà etí títì nìkan ló ṣófo níwájú, ibi tí wọ́n to kóònù yí ká nítorí iṣẹ́ ibùdúró kejì. Ó ṣófo, ó ń dán, ó lọ tààrà títí dé ibi tí ènìyàn yóò yà sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kó gbé àwọn sínú píkọ́ọ̀pù iṣẹ́, kó gba àárín kóònù kọjá. Jẹ́jẹ́ ti ń gbé kóònù kan kúrò lọ́nà kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀gá Kóònù gbé Màmá síwájú, ìyàwó rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn. Ó tan ọkọ̀. Ó wá ṣèèṣì wo dígí.

Awakọ̀ kan ti pa ọkọ̀ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn. Ìyá kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ọmọ lójú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti fẹnu mọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ń yàwòrán sára èémí ara wọn. Ojú ti Ọ̀gá Kóònù. Ó ti gbèjà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ púpọ̀ láyé rẹ̀, lórí rédíò àti nínú ìpàdé, torí iṣẹ́ ló fà wọ́n. Tíì ló fa èyí.

"Kí ló dé tí a ò lọ?" ni Màmá béèrè.

"Mà, mo lè gbé yín gba ibì kan báyìí, ẹ ó sì bá aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn wa, èmi ni mo dí wọn lọ́nà."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an, Mà."

Màmá tún báàgì rẹ̀ gbé lórí itan.

"Èmi ò rí wọn," ló wí. "Ìwọ lo rí wọn."

Ọ̀gá Kóònù pa ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ níwájú jáde sẹ́yìn irin, kí wọ́n kó gbogbo kóònù kúrò, kí ìlà náà ṣí fún tọmọdé tàgbà. Jẹ́jẹ́ ní ọkọ̀ kọnkéré ti wà lójú ọ̀nà, pé bí wọ́n bá ṣí ìlà, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó bàjẹ́. Jẹ́jẹ́ wo ojú rẹ̀, ó sì sáré. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́ dúró wò ó.

Ọ̀gá Kóònù wá pe ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, ó ṣàlàyé agboòrùn àti àga, kò fi ti jẹnẹrétọ̀ pamọ́. Ọ̀gá àgbà ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọ̀la, kó má sì mú tíì wá.

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Píkọ́ọ̀pù wọ àárín àwọn yòókù, ó ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn. Ọkùnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó rí ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó bú u tìran-tìran. Ọ̀gá Kóònù ní ó ṣeun. Aago mẹ́wàá lù bá wọn lórí ọ̀nà. Nínú dígí, ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ní ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó dé iwájú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó, pé dókítà fúnra wọn ò tíì dé, ọ̀nà ló há mọ́ wọn láti àárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ọ̀gá Kóònù pé ká ní ó gba àárín kóònù lọ, yàrá òfìfo ni ì bá sáré lọ bá, dókítà ì bá sì wà lẹ́yìn afárá títí di ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti akoto rẹ̀ sábẹ́ àga.

Wọn ò tíì jókòó pẹ́ tí dókítà fi wọlé, òógùn ti mu ún, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn.

"Mo fẹ́ mọ wèrè tó ń darí iṣẹ́ ojú ọ̀nà yẹn," ló wí fún nọ́ọ̀sì, àmọ́ gbogbo yàrá ló gbọ́. "Mo kàn fẹ́ fojú kan án ni."

Ojú àwọn tó jókòó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀wù Ọ̀gá Kóònù ń dán yanran láàárín wọn. Ó gbọ́wọ́ lé apá àga láti dìde, kó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan bà á léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wà.

"Ọmọ mi ni," ni Màmá wí. "Ó wà níbí. Ẹ bá a wí, Dókítà, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wí tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú mi."

Dókítà wo Màmá, ó wo ẹ̀wù náà, ó wo ẹnu akoto tó yọ lábẹ́ àga. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun bu omi tútù wá ná, kí inú òun lè rọ̀ kí òun tó ṣiṣẹ́ ojú náà. Títí ó fi mu omi náà tán, Màmá ò gbọ́wọ́ kúrò léjìká ọmọ rẹ̀.