Kòtò Abẹ́ Omi Nusa Pinda

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Hasnia ti ń fi ọkọ̀ ojú omi mú àlejò kiri òkun ìlú Labuan Bajo. Bàbá rẹ̀, Rahing, ló ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló sì fi ń se é. Ti òsì ti gé kanlẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló gé e, ohun tí wọ́n sọ fún Hasnia nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wálé pẹ̀lú òkú Jufri, ẹ̀gbọ́n Hasnia ọkùnrin.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àlejò márùn-ún ni wọ́n gbé: Ìyá Wening, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì láti ìlú Solo, àti mẹ́rin nínú àwọn tó ti kọ́ níwèé. Láàárọ̀, wọ́n lọ wo ora, ìyẹn awọ́nrínwọ́n ńlá, ní erékùṣù Rinca. Awọ́nrínwọ́n mẹ́ta tó gùn ju ènìyàn lọ ni wọ́n bá lábẹ́ igi, tí itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rọra padà sínú ọkọ̀.

Ibi tí wọ́n fẹ́ ti lúwẹ̀ẹ́ ń ru gùdù, ni Baharu atukọ̀ bá yí orí ọkọ̀ padà. Rahing jáde ní ilé ìdáná.

"Baharu, ibo lò ń gbé wa lọ?"

"Nusa Pinda. Omi ibẹ̀ parọ́rọ́."

"Wá ibòmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìkòkò yín ló fẹ́ máa tukọ̀ báyìí ni?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Rahing ò rẹ́rìn-ín.

Hasnia ṣáájú wọn bọ́ sómi, gíláàsì lójú, páìpù lẹ́nu. Wọ́n kọ́kọ́ rí ẹja aláràbarà, wọ́n rí ìjàpá òkun kan. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ omi di aláwọ̀ eérú. Òkúta iyùn ti fọ́ yángá bí àpáàdì, kòtò roboto kan wà láàárín rẹ̀, ohun abẹ̀mí kankan ò sí níbẹ̀.

Ìyá Wening yọ orí sókè. "Ọmọ mi, kí ló ṣe ibí?"

"Ìjì ni, Mà." Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo àwọn tó ń mú àlejò kiri láti máa sọ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ìyá náà mi orí. "Ìjì kì í gbẹ́ kòtò roboto."

Rahing gbé àwo ẹja kalẹ̀. "Kì í ṣe ìjì. Èmi ni."

Gbogbo wọn wò ó.

"Bọ́ǹbù inú ìgò la ń jù sómi níbí láti fi pẹja nígbà náà. Jufri ló tanná sí i. Ó ní, 'Bàbá, iná òwú yìí ti kú.' Mo ní kó gbé e wá kí n wò ó. Ó ń nà án sí mi ló bá bú gbàù."

Hasnia yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ ní ẹ́ńjìnnì ni."

"Ìyá rẹ ló ní ká wí bẹ́ẹ̀."

"Àìmọye ìgbà ni mo ti mú àlejò wá síbí, Bàbá! Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń yà wọ́n ní fọ́tò lórí ibẹ̀!"

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ níbí ni mo máa ń ní ara mi ò yá."

Hasnia fa gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó bẹ́ sómi. Ó mí kanlẹ̀, ó mòòkùn dé ìdí kòtò náà, ó ń fọwọ́ tú òkúta, kò sì mọ ohun tó ń wá. Èérún funfun nìkan ló kún ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó rú jáde, bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ létí ọkọ̀, ó na ọwọ́ kan ṣoṣo tó ní sí i. Hasnia wo ọwọ́ náà. Ó lúwẹ̀ẹ́ yí ẹ̀yìn ọkọ̀ po, ó gba ibi àkàbà gòkè.

Baharu yí orí ọkọ̀ padà sílé. Ìyá Wening ló fọ àwo.

Lọ́sẹ̀ kejì, Rahing ní òun fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun obìnrin ní erékùṣù kejì. Oṣù mẹ́rin rèé, kò tíì padà dé. Ìyá Hasnia ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí i. Hasnia ló máa ń di ẹrù náà, á gbé e fún ọlọ́kọ̀ ní èbúté. Bí ọlọ́kọ̀ bá bi í pé, "Kí ni kí n sọ fún bàbá?" á ní kó sọ pé ilé ń kí wọn; kì í dárúkọ ara rẹ̀.