Ẹ̀tù Tí Arvid Ń Lò

Nígbà tí Arvid kú ní oṣù kẹta, ọta mẹ́sàn-án péré ló kù nínú àpótí tó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí lára. Lorene ni orúkọ ìyàwó náà. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Lorene kò ra ọta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ki í fún un nínú yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé: á fọ kòròfo idẹ, á wọn ẹ̀tù bí ẹni ń wọn oògùn ọmọ ọwọ́, á sì tẹ òjé bọ̀ ọ́ lẹ́nu jẹ́ẹ́. Gbogbo àfonífojì wa ní Montana ló mọ̀ pé ìbọn Lorene kì í tàsé.

Kò fẹ́ yin mẹ́sàn-án yẹn. Á ṣí àpótí, á mú ọ̀kan dání títí idẹ rẹ̀ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tún dá a padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, Delbert, ẹ̀gbọ́n Arvid, wá kí i.

"Lorene, kí lo fẹ́ fi pa ẹran lọ́dún yìí? Òkò?"

"Mo lè má lọ."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá wàá lọ. Ohun tí wàá yìn ni mo bèèrè."

"Ó ku mẹ́sàn-án."

"Ó dáa, yìn ín."

"Tí mo bá yìn ín, ó tán nìyẹn, Delbert."

Delbert mu kọfí rẹ̀ tán, ó ní, "Dìde, ká lọ wo ìwé tí Arvid máa ń kọ nǹkan sí."

Gbogbo bó ṣe ń ki ọta ni Arvid kọ sínú ìwé náà: ìwọ̀n ẹ̀tù, ibi tó tẹ òjé dé, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kan, ó kọ ọ́ pé: "Lorene ní èjìká ń dun òun. Dín ẹ̀tù kù." Lorene kò rántí ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó.

Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ kò ṣe irú ẹ̀tù tí Arvid ń lò mọ́. Delbert wá a dé ìlú mẹ́ta.

"A ò lè rí i," ó ní. "Òmíràn la máa lò. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tó kéré jù."

Wọ́n ń ki, wọ́n ń yìn, ọta mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, sí bébà tí wọ́n kàn mọ́ igi ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Ihò ti àkọ́kọ́ fọ́n káàkiri.

"Ṣé ò ń yìnbọn sí bébà yẹn ni, àbí ò ń fúnrúgbìn sí i lára?" ni Delbert bi Lorene.

"Ìwọ lo wọn ẹ̀tù ẹ̀, bàbá arúgbó."

Wọ́n fi ẹ̀tù bíńtín kún un. Wọ́n jẹ́ kí òjé yọ síta díẹ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ara wọn. Èékánná àtàǹpàkò lè bò wọ́n. Delbert wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Ó dáa ju ti Arvid lọ."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni. Inú ẹ̀ ì bá dùn gan-an."

"Mo mọ̀," ni Lorene wí. "Ta wá ni kí n fi hàn?"

Ní oṣù kẹwàá, ó dá gun òkè lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, akọ àgbọ̀nrín ńlá kan jáde láàárín igi, ní igba ìṣísẹ̀. Lorene gbé ìbọn lé ìtì igi, ó mí jáde, ó yìn ín. Ẹran náà ṣubú síbi tó dúró sí.

"Ó wọlé," ni Arvid máa ń wí nírú àsìkò yẹn. Lorene dúró bí ẹni tó ń retí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún Arvid lóhùn òkè: irú ẹ̀tù tí òun lò, ìwọ̀n rẹ̀, bí òjé ṣe yọ tó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fa ọ̀bẹ yọ láti kun ẹran náà.

Delbert mú ẹṣin wá lọ́sàn-án bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn, wọ́n di ẹran lé e. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó rí i pé Lorene ń fà sẹ́yìn.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí," ni Lorene wí. "Ọ̀nà tí èmi àti Arvid jọ máa ń gbà yìí ni mi ò fẹ́ kó tán kíá."